Ilẹ̀ Tí Kò Sùn: Ìdí Tí Fatiláísà Nìkan Kò Fi Tó

Ẹ bá àgbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ oko, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ilẹ̀ ti ṣá." Ṣíṣá yìí náà la fi ń sọ pé aṣọ ṣá, tàbí pé oògùn ti ṣá. Nǹkan ọ̀hún ṣì wà níwájú ẹni, àmọ́ agbára inú rẹ̀ ti lọ. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú á ní kí bàbá lọ ra fatiláísà. Òṣìṣẹ́ tó wá ṣèpàdé fún àwọn àgbẹ̀ á ní kí wọ́n máa ṣe ọ̀gbìn tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, á ka orúkọ gbọọrọ gbọọrọ mẹ́fà tàbí méje sílẹ̀, á pín bisikíìtì àti ohun mímu, á wọ mọ́tò rẹ̀. Àwọn tó fi sílẹ̀ á máa wo ara wọn lójú: èwo la fẹ́ kọ́kọ́ mú níbẹ̀?

Lójú tèmi, àwọn orúkọ yẹn ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbìyànjú láti ṣe, iṣẹ́ tí ìgbòrò, ìyẹn ilẹ̀ oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, ń bá wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láyé bàbá bàbá mi, èèyàn kì í dáko sí ojú kan ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á sun ún, wọ́n á kọ ebè. Iṣu ló ń kọ́kọ́ wọlé, torí iṣu kì í fẹ́ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti jẹ kù. Àgbàdo á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gẹ́ ló ń kẹ́yìn, nítorí ẹ̀gẹ́ máa ń ta níbi tí iṣu bá ti kọ̀. (Ìdí rèé táwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀gẹ́ ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni pé ó ń kó pọ́táṣì, ọ̀kan lára oúnjẹ inú ilẹ̀, lọ tí a bá wà á, àmọ́ ilẹ̀ tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a máa ń fún un.) Tí wọ́n bá wa ẹ̀gẹ́ tán, ilẹ̀ di ìgbòrò nìyẹn. Ọdún méje, ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkọ́ ò ní kàn án.

Ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé ilẹ̀ tí wọ́n pa tì ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń lọ nísàlẹ̀. Òjò tó ti ń rọ̀ sórí oko láti ọdún mẹ́ta ti wẹ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, síbi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé. Gbòǹgbò igi dé ibẹ̀. Á fà á mu, á gbé e sínú ewé, ewé á já bọ́, á jẹrà, oúnjẹ tó ti lọ á padà wá sójú ilẹ̀. Òjìji igi á pa ẹ̀kan àti àwọn koríko tó ń fìyà jẹ àgbẹ̀. Kòkòrò inú ilẹ̀ tó ń jẹ iṣu á wá iṣu títí, kò ní rí. Ekòló ń fa ewé wọ ihò, ó ń jẹ ẹ́ mọ́ yẹ̀pẹ̀, ó ń ya ìgbẹ́ rẹ̀ sójú ilẹ̀ ní ìṣù kéékèèké. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ẹ lọ wo ihò tí ekòló lu sí ilẹ̀ ìgbòrò lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ ó rí i pé ẹnu yẹn gan-an ni omi ń gbà wọlẹ̀.

Ewé Akíntọ́lá náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni igbó yìí ti wá, ó sì ti gba gbogbo ẹ̀bá oko wa kan. Àgbẹ̀ máa ń bú u nígbà ìroko, torí ó ń hù ju ohun tí èèyàn gbìn lọ. Ṣùgbọ́n tí àgbẹ̀ kan náà bá ń wá ilẹ̀ tuntun, ibi tí ewé Akíntọ́lá bá ti ṣú dùdù ló máa yà sí. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ á ti dúdú, á ti rọ̀, pé ẹ̀kan á sì ti kú síbẹ̀.

Ohun tó dé ni pé ìgbòrò ò sí mọ́. Ilẹ̀ tí bàbá kan fi ń dáko ti di ti ọmọ mẹ́jọ. Ìlú ti gbòòrò débẹ̀, wọ́n ti ń tà á ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ìsinmi ọdún mẹ́wàá di ọdún méjì, níbòmíràn kò tiẹ̀ sí rárá. Ilẹ̀ ò sùn mọ́.

Ife omi méjì

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ wá ife gíláàsì méjì, ẹ bu omi sínú wọn. Ẹ lọ sí etí igbó tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, tàbí ìdí igi àgbà kan, ẹ gbẹ́ ògúlùtu kékeré kan níbẹ̀, kó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ mú irú rẹ̀ kan nínú oko tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún. Ẹ sá àwọn méjèèjì kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ wá rọra gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tirẹ̀.

Ti oko á máa hó, á máa tú, kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan á ti di ẹrẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ife, omi á dà bíi tíì oníwàrà. Ti igbó á jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ lè lọ jẹun kí ẹ padà wá bá a.

Ohun tó di ti igbó mọ́ra ni màá máa pè ní ọ̀rá ilẹ̀ nínú àlàyé yìí: ewé, gbòǹgbò, ìgbẹ́ ẹran àti òkú kòkòrò tó ti jẹrà títí tí a ò fi dá a mọ̀ mọ́, tó wá di dúdú. Ó ń so yẹ̀pẹ̀ pọ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ó ń mu omi sára bíi kànìnkànìn. Ó tún ń di oúnjẹ mú kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ, èyí sì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa ju ibòmíràn lọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ ìlú wa pe oríṣi ilẹ̀ tó wà láyìíká Ìbàdàn àti Ọ̀ṣun: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù. Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá pọ́n, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Àpòmù jẹ́ yanrìn tí òjò wọ́ jọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́. Èyí tó ní amọ̀ pàápàá, amọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń di oúnjẹ mú dáadáa. Ọ̀rá ilẹ̀ yẹn ló ń ṣe é fún un. Tó bá sì ti tán, ohun tí ẹ rí nínú ife ló máa ṣẹlẹ̀ lóko: òjò àkọ́rọ̀ á lu ojú ilẹ̀, ojú ilẹ̀ á tú, á dì páápáá bí oòrùn bá yọ, òjò tó tẹ̀ lé e ò ní ríbi wọlé, á gba ojú ilẹ̀ ṣàn lọ sódò pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀.

Iná ńkọ́?

Àwọn baba wa tó ń sun oko kì í ṣe òpè. Eérú ní pọ́táṣì nínú, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí ọ̀gbìn ọdún àkọ́kọ́ fi máa ń dára lórí ilẹ̀ tí wọ́n sun. Ṣùgbọ́n náítírójìn, oúnjẹ ọ̀gbìn mìíràn tó wà nínú ewé yẹn, bá èéfín lọ sókè. Eérú tó kù sílẹ̀, tí òjò ńlá bá rọ̀ kí ohun ọ̀gbìn tó fi gbòǹgbò múlẹ̀, odò ló gbà á. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú owó lè ná ìdajì rẹ̀ lọ́jọ́ kan kó má rí i lára. Ìgbòrò ọdún méjì ni àwa ń sun báyìí, a sì tún ń sun pòròpórò àgbàdo àti èèpo ẹ̀pà mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, wọ́n ń dáná sun òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ nígbà tí àgbẹ̀ tó wà ní ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ sí wọn ń wá owó ajílẹ̀ kiri. Ó máa ń dùn mí.

Katakata tó ń fi abẹ irin gbá ilẹ̀ tún burú ju iná lọ. Ilẹ̀ dúdú òkè yẹn kì í nípọn lọ́dọ̀ wa, ìgbà kan tí abẹ bá gbá a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ nìyẹn.

Àpò fatiláísà: kí ni 15-15-15?

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí. Àwọn kan ní májèlé ni fatiláísà, pé òun ló ń jẹ́ kí iṣu tètè rà. Àwọn kan ní kò sí ọ̀gbìn láìsí i. Ẹ jẹ́ ká ka ara àpò ná. NPK 15-15-15 túmọ̀ sí pé nínú 100 kílò, 15 jẹ́ náítírójìn, 15 jẹ́ fọ́síféètì, 15 jẹ́ pọ́táṣì. Àpò kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà kílò 7.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú rẹ̀. Yúríà, oríṣi fatiláísà mìíràn, ní 46, náítírójìn nìkan ni: àpò kan ní kílò 23.

Oúnjẹ gidi ni fún àgbàdo. Kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà: kò sí ọ̀rá ilẹ̀ kankan nínú àpò náà. Ó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, kì í bọ́ ilẹ̀. Tí ẹ bá da á sórí ilẹ̀ tí kò ní ohun tí yóò fi dì í mú, èyí tí àgbàdo kò bá tètè fà mu á bá òjò lọ, ẹ ti fi owó yín bọ́ odò. Yúríà ní tirẹ̀, tí a bá ń dà á lọ́dún dé ọdún láìdá nǹkan mìíràn padà, á máa sọ ilẹ̀ di kíkan. Nígbà náà ni àgbẹ̀ á máa sọ pé "fatiláísà ò ṣiṣẹ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀," òótọ́ ló sì ń sọ.

Àwọn aláṣẹ náà ti ń rí i díẹ̀díẹ̀. Ní 2006, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ní kí fatiláísà tí a ń lò pọ̀ sí i, kó di 50 kílò oúnjẹ ọ̀gbìn lórí hẹ́kítà kan tó bá fi máa di 2015. Fatiláísà nìkan ló wà nínú orúkọ ìpàdé yẹn. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní 2024, wọ́n fi ìlera ilẹ̀ kún orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ife omi méjì lè gbé e dé ní òwúrọ̀ kan.

Ẹ má tún sáré lọ sí òdìkejì. Àwọn tó ní ká fi imí adìyẹ nìkan ṣe é, wọn ò tíì ṣírò rẹ̀. Tí imí adìyẹ gbígbẹ bá ní náítírójìn 2 nínú 100, ẹ nílò nǹkan bíi 375 kílò kó tó ní ìwọ̀n náítírójìn tó wà nínú àpò NPK kan ṣoṣo. Ta ló máa rù ú dóko? Ẹni tí oko adìyẹ wà nítòsí rẹ̀ ló lè ṣe é, kó sì jẹ́ kó jókòó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lò ó, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ohun ọ̀gbìn. Àwọn yòókù, kí wọ́n da méjèèjì pọ̀: ajílẹ̀ díẹ̀ fún ilẹ̀, fatiláísà díẹ̀ fún àgbàdo. Fatiláísà tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó ní ọ̀rá máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó ṣá lọ.

Ẹ bo ilẹ̀ láṣọ

Tí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo àwọn orúkọ gbọọrọ yẹn, èyí ni màá mú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ni wọ́n ti dán an wò. Ọmọ Íńdíà kan, Rattan Lal, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 títí di 1987. Ó la ilẹ̀ sí ibi gẹ̀rẹ́ oríṣiríṣi, láti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú dé èyí tó ń dà lọ gidi, ó ń wọn yẹ̀pẹ̀ tí òjò ń gbé lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti wà níhòòhò, yẹ̀pẹ̀ ń lọ. Níbi tó ti fi koríko gbígbẹ àti pòròpórò bo ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lọ, àní lórí gẹ̀rẹ́. Ní 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní World Food Prize fún iṣẹ́ tó ṣe lórí ilẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu á rẹ́rìn-ín, torí láti ilẹ̀ wá ló ti ń fi koríko dé orí ebè kí oòrùn má baà se èèbù rẹ̀ jinná. Òun náà nìyẹn. Ohun tó kù ni pé kó fi bo gbogbo oko, kí poro náà má wà níhòòhò. Ìyá tó ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà ń bo ilẹ̀: ẹ̀gẹ́ kì í tètè la ewé, àárín oṣù bíi mẹ́ta tí ilẹ̀ ìbá fi wà lásán, ẹ̀gúsí á ti fi ìtàkùn tẹ́ ẹ bí ẹní, koríko ò ní ríbi hù, á sì tún rí ọbẹ̀ sè níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ gbọọrọ tí wọ́n ń pe ìyẹn nípàdé, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dáa ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbé wá lọ.

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè Mono, ẹ̀kan ti gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ pátá nígbà kan. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin mùkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yún èèyàn lára, sáàárín àgbàdo tó ti ga díẹ̀. Àgbàdo á gbó, wọ́n á ṣẹ́ ẹ, ìtàkùn mùkúnà á bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀kan á kú sábẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, mùkúnà náà á kú, á di ibùsùn ewé gbígbẹ tí wọ́n á gbin àgbàdo tó ń bọ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó fi ń le ni pé èso rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kàn sè jẹ bí ẹ̀wà, ó ní èròjà tó lè dá àìsàn sílẹ̀, ó sì ń gba sáà kan lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa lónìí ò ní fẹ́ gbin ohun tí kò lè jẹ.

Ìyẹn ló mú mi fẹ́ràn ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti òtílí. Ẹ rọra fa ẹ̀wà kan tó ń tanná tu, ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ ó rí kókó kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná là á. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́. Baktéríà, ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, ló wà nínú rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 78 nínú 100 jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn ò lè mú un níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn baktéríà yìí ń mú un fún ẹ̀wà, ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà. Àgbẹ̀ tó bá wá fa ẹ̀wà tu tigi tigi, tó kó gbogbo ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́, kó má retí pé ilẹ̀ á jèrè púpọ̀: kó gé e nídìí, kí gbòǹgbò jẹrà síbẹ̀, kí ewé náà sì padà sórí ilẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n kan wà tí kò bá ilẹ̀ wa mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dà yín láàmú. Yacouba Sawadogo ní Burkina Faso gbẹ́ kòtò kéékèèké, ó fi ajílẹ̀ sí i, ó sì fi sọ ilẹ̀ tó ti yan gbẹ di igbó. Ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n ni ìyẹn wúlò. Ẹ gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó, ẹja lẹ ó fi sìn.

Ta ló ni ilẹ̀?

IITA kan náà ló gbé ọ̀nà kan jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970: kí a gbin igi bíi Leucaena tàbí àgunmánìyè ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí a máa gbin àgbàdo sáàárín, kí a máa gé ẹ̀ka igi náà bo ilẹ̀. Ìgbòrò àti oko pa pọ̀ lójú kan náà nìyẹn. Lórí pápá ìdánwò, ó dára gan-an. Lóko àwọn àgbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀. Igi gígé ń bọ́ sí àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Ìdí kejì, ìpàdé kì í sábà mẹ́nu bà á: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko ló ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ti ń sọ pé ilẹ̀ di tòun. Onílẹ̀ á gbà kí àlejò gbin àgbàdo. Igi, rárá o. Àlejò náà, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á lé òun lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni yóò mú un tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe? Á fa gbogbo ohun tó lè fà, á lọ.

Èyí ló sì gbé ọ̀rọ̀ dé orí oúnjẹ inú ìkòkò wa. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine mú kí owó fatiláísà fò sókè ní 2022, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣá ò ní ibòmíràn tó lè yà sí. Nígbà tí òjò bá dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí àgbàdo ti hù, oko tó wà níhòòhò ló ń kọ́kọ́ rọ, èyí tí wọ́n bò ṣì ní ọ̀rinrin lábẹ́. Ìjọba lè máa ka àpò fatiláísà tí wọ́n pín lórí rédíò. Èmi á fẹ́ mọ iye ọdún tí àgbẹ̀ tó gbà á ní lórí ilẹ̀ tó fẹ́ dà á sí.

Ládùúgbò wa, ìdílé kan àti àlejò kan ti gbìyànjú ohun kan. Wọ́n kọ ìwé pé ọdún márùn-ún ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgunmánìyè tó bá gbìn ò sọ ọ́ di onílẹ̀. Kò ní sun oko. Wọ́n sì máa dín ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kù ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Iṣu rẹ̀ dára. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà á lórí ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ewé igi náà fún ewúrẹ́.